Ọjọ́ Tí Gbogbo Olùkọ́ Kúnlẹ̀ fún Mi ní Grapevine

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ọmọ sọ Yorùbá nínú kíláàsì wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹgba ni lọ́dọ̀ tiwa. Lọ́jọ́ kan, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àyè lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo nawọ́ sókè, mo lanu, ọ̀rọ̀ ò jáde, mo bá tọ̀ sára lórí bẹ́ǹṣì níwájú gbogbo ẹgbẹ́ mi. Tí mo bá ti délé, ìdí agbada gàrí ìyá mi ni mo máa ń sá lọ, torí ibẹ̀ ni mo ti lè sọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn. Èmi ni mo máa ń gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro dànù.

Ìtọ̀ ọjọ́ yẹn ló sọ mí di olùkọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín ní Dallas, ọmọ kankan ò sì tọ̀ sára rí nínú kíláàsì mi torí pé kò mọ ohun tí yóò sọ. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gba ọmọbìnrin kan tó dàgbà sí Èkó síṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ wa. Ìlú DeSoto ni àwa méjèèjì ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ, Mummy ló sì ń pè mí. Kó tó ra mọ́tò, èmi ni mò ń gbé e lọ, tí mò ń gbé e bọ̀.

Lọ́dọọdún, kí àwọn ọmọ tó wọlé, wọ́n máa ń pe gbogbo àwa tí à ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Grapevine, ìlú kan nítòsí Dallas, kí wọ́n lè fi ọgbọ́n tuntun kún tiwa. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Màá jẹ búrẹ́dì tútù wọn, màá gba sátífíkéètì mi, màá wa mọ́tò mi padà sílé. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni mo mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ní àwọn ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn olùkọ́ ní odidi ẹ̀kọ́ kan ní èdè tí wọn kò gbọ́, láìsí Gẹ̀ẹ́sì rárá, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń rí lára ọmọ. Ọmọbìnrin yìí ni wọ́n kọ̀wé sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jowú. N kò ní purọ́ fún yín. Èdè tí wọ́n torí rẹ̀ nà mí, ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún! Ẹni tó jẹ́ pé tó bá sọ Yorùbá gbólóhùn mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì á ti gba méjì níbẹ̀.

Ó wá fi ẹ̀kọ́ náà hàn mí. Bí a ṣe ń ṣe gàrí ló fẹ́ kọ́ wọn, ó sì ti ya àwòrán rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi check ẹ̀. Ṣé order ẹ̀ correct? Inú nylon lèmi ti máa ń rí gàrí o."

Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí i pé ó ti fi ajọ̀ ṣáájú òkúta, ó fẹ́ jọ ẹ̀gẹ́ tí omi rẹ̀ kò tíì ro. Mo dá ìwé náà padà fún un, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó pé. Ó dì mọ́ mi.

Lọ́jọ́ ìpàdé náà, iwájú ni mo jókòó sí. Ó gba màíìkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá. Àwọn olùkọ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n bá rí i pé ó ṣe ni àwọn náà ń ṣe. Ó gbọ́wọ́ sókè, wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Ó ṣe bí ẹni ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n bá a bó o. Bàbá òyìnbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń làágùn, ó ń yọjú wo ìwé mi. Ẹ̀kọ́ náà dùn gan-an ni. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Nígbà tó kan ajọ̀, mo dìde.

"Rárá o! Wọn kì í jọ̀ ọ́ báyẹn! O máa kọ́kọ́ gbé òkúta lé e ná!"

Ohùn mi kan àjà. Ó wò mí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ń rántí ohun tí mo sọ fún un. Mo ń retí kó kólòlò, kó bú sẹ́kún, kó sá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí pèpéle, tòun ti màíìkì lọ́wọ́.

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má bínú, mà."

Àwọn olùkọ́ rò pé ara ẹ̀kọ́ ni. Àga ń dún káàkiri, gbogbo gbọ̀ngàn kúnlẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Bàbá ẹ̀gbẹ́ mi di tábìlì mú, òun náà rọra kúnlẹ̀. Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n pa ohùn pọ̀, wọ́n ń pè é bí wọ́n ṣe lè pè é: "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má bínú, mà." Èmi nìkan ni mo dúró láàárín wọn, èmi nìkan ni mo sì mọ ẹni tó yẹ kó wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ó dìde, ó pààrọ̀ àwòrán méjèèjì sí ipò wọn, ó ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà àwọn tó ṣètò ìpàdé wá bá wa, wọ́n ní ibi ìkúnlẹ̀ yẹn ló wọ àwọn lára jù, ṣé a jọ pète rẹ̀ ni? Kí n tó lanu, ó ti dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òun àti Mummy òun ni.

Nínú mọ́tò mi, mo jẹ́wọ́ fún un pé mo rí àṣìṣe náà lọ́jọ́ tó gbé e wá. Ó fa bẹ́líìtì mọ́tò so mọ́ra.

"I know, Mummy. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ìgbà ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Èdè tó sọ wá di ọ̀daràn ti di ohun tí wọ́n ń fi ìwé pe èèyàn wá sọ. Inú mi ì bá dùn sí i ju báyìí lọ ká ní èmi ni wọ́n pè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún kọ̀wé sí ọmọ náà fún tọdún yìí, ìlú Lewisville ni wọ́n gbé ìpàdé náà lọ. Ó mú àwòrán tuntun wá sílé mi, ó kàn tẹ́ wọn sórí tábìlì níwájú mi, ó ń wò mí. Mo rí àṣìṣe méjì níbẹ̀. Mo fi ìka hàn án, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, owú sì ń jó mi nínú bí mo ṣe ń ṣe é.