Okùn Tí Wọ́n Rán Mi

Kí n tó dé Mẹ́kà, mo ti pa ejò mẹ́rìnlá. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Tí a bá yọ èyí tí mọ́tò ti tẹ̀ kí n tó débẹ̀, tí a sì yọ àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi pa tí mo kàn bá wọn gbé jù sígbó, iye tó kù ò pọ̀. Àmọ́ ẹni tó rìnrìn àjò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí, ṣé iye tó kù ló máa sọ ni?

Àárín àwọn ọdún 1990 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tíríì torí àwọn tíṣà ò tètè dé ibi tí wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àlàájà, ló ní kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sóun láti Ìsẹ́yìn. Al-Hujun ni wọ́n ń gbé, àdúgbò àtijọ́, ilé olókùúta tó fẹ̀yìn ti òkè. Òkè yẹn ò ní igi, kò ní koríko, òkúta gbígbóná lásán ni. Ọjọ́ tí mo dé, mo wò ó, mo ní kí ni nǹkan ẹlẹ́mìí fẹ́ máa jẹ níbẹ̀? Mi ò mọ̀ pé àwọn ará òkè yẹn pọ̀ ju àwa lọ, àti pé wọ́n máa ń yọjú wá kí wa.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni bàtà gbígbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà nílé yẹn láìgbọ̀n ọ́n. Màmá Àlàájà á mú tirẹ̀, á fi lu ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, á ní "Bìsìmílà", á dojú ẹ̀ dé, ẹ̀yìn náà ni ẹsẹ̀ á tó wọlé, torí àkeekèé. Ìrọ̀rí náà bẹ́ẹ̀, aṣọ náà bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, ilé á máa ró gbà-gbà-gbà bíi ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà. Bàbá Àlàájì, ọkọ ẹ̀, máa ń sọ pé ilẹ̀ mímọ́ nibẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa ẹyẹlé, ṣùgbọ́n àkeekèé ò sí lára àwọn tí wọ́n ní ká ṣàánú.

Èmi nìkan ni mi ò gbọn bàtà.

"Bọ̀ọ̀dá, gbọn bàtà," ọmọ wọn obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí. Tí o bá sọ Yorùbá sí i, Lárúbáwá ló sábà máa ń fi dáhùn. Yorùbá tó wà lẹ́nu ẹ̀ ò kún ife tíì kékeré.

"Àkeekèé tó bá mọ ẹni tó ni bàtà yìí á jáde fúnra ẹ̀," mo dá a lóhùn.

"Kàsáàbù!" ló wí. Òpùrọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àkọ́kọ́ tó yé mi ni, torí ojoojúmọ́ ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, aláǹtakùn kan lé mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tiwọn níbẹ̀ tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ ẹ̀ bí ìyanrìn, ó sì ń sáré bí eku. Mo yà sọ́tùn-ún, ó yà. Mo yà sósì, ó yà. Mo yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì nínú oòrùn ọ̀sán. Ọmọ yẹn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi eyín pa kóró bàrà yíyan, ó ń tu èèpo ẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, òjìji! Òjìji ẹ ló fẹ́! Dúró!"

Àṣé oòrùn ló ń ta á lára. Ibi tó tutù ló ń wá, òjìji mi ló sì rí. Kò tiẹ̀ ní oró. Mo ní mo mọ̀, mo kàn ń na ẹsẹ̀ ni.

Ohun tí mo ń wá gan-an ni káàdì. Tí àsìkò hajj bá ti dé, Bàbá Àlàájì àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ń lọ pàdé àwọn èèyàn wa ní Hajj Terminal, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Jẹ́dà. Wọ́n á bá wọn to ẹrù, wọ́n á so ó mọ́ orí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní Mẹ́kà. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ náà ló ń gbé káàdì kọ́rùn, fọ́tò ẹ̀ á wà lára ẹ̀. Mo ti ya fọ́tò tèmi. Mo ti mọ irú gíláàsì dúdú tí mo máa lò sí i.

Àmọ́ Bàbá Àlàájì ò gbà.

"Àwọn ìyá àgbà ló ń bọ̀," ó ní. "Wọn ò jáde nílé rí. Ẹni tí mo bá mú lọ, ohun tójú ẹ̀ rí ni kó wá sọ fún mi, kì í ṣe ohun tó wù ú. Ìwọ, tí àpò kan bá sọnù, o máa ní olè méje ló gbé e, o sì ti na mẹ́fà nínú wọn."

"Ẹ dán mi wò, Bàbá."

"Láti ọjọ́ tí o ti dé ni mo ti ń dán ẹ wò."

Ó wá ku òfin kan nílé yẹn, ti Màmá Àlàájà ni: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ejò. Nílé wa ní Ìsẹ́yìn, alẹ́ nìkan la ń pè é lókùn, kó má baà gbọ́ orúkọ ẹ̀ kó wá. Àmọ́ Màmá Àlàájà ní pẹ̀lú òkè tó wà lẹ́yìn wa yìí, ọ̀sán òun alẹ́ ò yàtọ̀ sí i. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ejò mẹ́rìnlá mi, á kó mi ní ìkó lórí. "Okùn mẹ́rìnlá! Ẹnu ẹ á pè é wọlé." Èmi ò kà á sí. Tèmi, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ejò ni ejò, okùn ni okùn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí bàálù àkọ́kọ́ dé. A kírun Àsárì tán, Bàbá Àlàájì ní kí n lọ kó okùn ẹrù jáde ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń kó ẹní àti kẹ́ẹ̀gì sí láti ọdún tó kọjá.

"Tí o bá kó o dé pérépéré, tí o ò fi ìtàn kún un, a jọ ń lọ Jẹ́dà."

Mo sáré. Ọmọ yẹn ti ṣáájú mi débẹ̀, ìyá ẹ̀ rán an ní ẹní. Mo bá a lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó gbá ẹní mọ́ àyà, ó dúró gbọnin.

"Bọ̀ọ̀dá, okùn wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Òun ni mo wá mú."

Ojú ẹ̀ là. "O fẹ́ mú un?"

"Kí ló dé?"

"Pẹ̀lú ọwọ́?"

"Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mú okùn ni?"

"Má fọwọ́ kàn án, Bọ̀ọ̀dá! Ó wà lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì. Ó ká jọ."

"Okùn tó dáa, kíká là ń ká a. Kúrò lọ́nà."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo akíkanjú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wò mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi débi pé mi ò bi í léèrè ìdí. Mo ká apá ẹ̀wù sókè, mo na ọwọ́ sẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì. Nǹkan kan ń dún níbẹ̀, ṣììì, bí àlùbọ́sà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú epo gbígbóná. Mo ní ta ló ń dín nǹkan nínú yàrá? Ìgbà náà ni okùn gbé orí sókè.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe jáde. Bàtà kan kù sínú yàrá, èkejì kù sẹ́nu géètì. Mo ti dé iwájú bàkálà, ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ní igun òpópó, kí n tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń pariwo: "Ejò! Ejò o!" Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, àmọ́ gbogbo àwọn tó ń mu tíì ló dìde.

Nígbà tí mo fi máa padà, ọmọ yẹn ti pa ìlẹ̀kùn dé, ó ti fi ẹní dí abẹ́ ẹ̀. Bàbá Àlàájì wọlé pẹ̀lú ọ̀pá gígùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fi ọ̀pá gbé òkú ẹ̀ jáde. Ejò náà ò gùn tó apá mi, ó ní àmì tó-tò-tó, àwọ̀ ẹ̀ bí òkúta òkè gẹ́lẹ́.

"Eléyìí tó bá bù ẹ́ ṣán," ó ní, kò sì parí ẹ̀.

"Mo sọ fún un!" ọmọ yẹn ń ké. "Mo ní okùn! Okùn!"

Màmá Àlàájà ló kọ́kọ́ yé. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Lárúbáwá lọmọ yẹn fi ń pe okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù. Láti kékeré, okùn kan ṣoṣo ló gbọ́ lẹ́nu ìyá ẹ̀, èyí tó ń fà nílẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òmíràn wà.

Bàbá Àlàájì yíjú sí mi. "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"

Ìtàn ti wà nílẹ̀. Ọmọ yẹn ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọwọ́ lásán ni Bọ̀ọ̀dá òun fẹ́ fi mú un. Kí n ṣáà dákẹ́ ni, mo ti di ọkùnrin ní gbogbo Al-Hujun. Mo wo ọ̀pá, mo ronú kan káàdì.

"Bàbá, okùn ẹrù ni mo pè é. Nígbà tí mo rí i, mo sá. Bàkálà ni mo sá dé."

"Àwọn mẹ́rìnlá ti Ìsẹ́yìn ńkọ́?"

"Méjì ni, Bàbá."

"Méjì."

"Ọ̀kan. Èkejì, alángbá ni."

Màmá Àlàájà sáré wọlé lọ, a ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ láti yàrá. Bàbá Àlàájì ò rẹ́rìn-ín. Ó na ọ̀pá sí mi.

"Okùn tí mo rán ẹ dà?"

Ó ṣì wà nínú yàrá yẹn, pẹ̀lú bàtà mi kan. Mo gba ọ̀pá. Mo wọlé, mo fi ọ̀pá fa bàtà jáde, mo fi lu ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní Bìsìmílà, mo dojú ẹ̀ dé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tún gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá fi ọ̀pá gbé okùn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo na gbogbo wọn kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wà ní Hajj Terminal, káàdì ní ọrùn mi, gíláàsì dúdú lójú mi. Ìyá àgbà kan jókòó ti àpò ẹ̀ tó ti já.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi wá okùn."

Mo yọ gíláàsì dúdú.

"Èwo nínú ẹ̀, Màmá?"

Bàbá Àlàájì dúró lẹ́yìn mi. Ibẹ̀ ló ti wá rẹ́rìn-ín.