Gààrí Abẹ́ Yìnyín

Orí pátákó tí a fi ń gé ẹran, ní kíṣìnì wa ní Peckham, ni ọmọbìnrin mi ti kọ́kọ́ fi hàn mí bí yìnyín ṣe máa ń ya láti orí òkè. Ó da gààrí tí mo rà ní Rye Lane sórí pátákó, ó bu ìyẹ̀fun lé e, ó sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó le. Bó ṣe gbé ẹ̀gbẹ́ kan pátákó náà sókè, gbogbo ìyẹ̀fun yẹn já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ rí i, Dádì? Òkè le, abẹ́ ò dì mọ́ra. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ó parí."

"Gààrí mi lo fi ń ṣòfò yìí."

"Ẹ̀mí yín ni mo fi ń dáàbò bò."

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí, ilé-kéwú ni mo ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ mi. Ọmọ yìí ló kọ́ síkì, yíyọ̀ lórí yìnyín pẹ̀lú pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀, ní yunifásítì tó sì kó o ràn mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ kó tó gbà láti mú mi lọ sí òkè kan ní Scotland tí kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè. Ó ti fi fọ́tò gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ hàn mí: funfun báláú, ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ ẹ́. Mo ń lá àlá rẹ̀ lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a ka ìkìlọ̀ nípa yìnyín. Atẹ́gùn ti fẹ́ mọ́jú, ó ti kó yìnyín jọ sí gbogbo ibi tó kọjú sí gúúsù ìlà-oòrùn. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ ibẹ̀. Mo kà á títí mo fi há a sórí bí ẹni ń há súrà. Ọmọ mi ní tiwa kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kò séwu. A lẹ awọ onírun mọ́ abẹ́ síkì kó má bàa yọ̀ padà, a sì ń gòkè nínú kùrukùru. Lágbedeméjì, ó gbẹ́ kòtò, ó gé yìnyín bí òpó, ó fi ṣọ́bìrì lé e lórí, ó sì ń gbá a léraléra láti mọ̀ bóyá yóò já. Òpó náà kò mira. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé òtútù.

Nígbà tí a dé òkè, kùrukùru ká. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà nìyí lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó ń dán. Ìrun Àílà ti tó, a sì ní àlùwàlá lára, mo wá yọ kọ́ńpáàsì tí mo fi ń wá Kíbílà, ìhà tí à ń kọjú sí kírun. Mo síwájú, ọmọ mi tẹ̀ lé mi, ráka méjì ti arìnrìn-àjò.

Inú ìrun ni mo wà nígbà tó yé mi. Gúúsù ìlà-oòrùn ni Kíbílà wà láti ibẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àlá mi ló sì wà níwájú mi gan-an. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ọkàn mi ní kí n dákẹ́, kí a ṣáà sọ̀ kalẹ̀.

Mo sálámà parí ìrun. Mo ní, "Ibi tí a kọjú sí kírun yìí ni wọ́n ní ká má tẹ̀."

"Rárá, Dádì. Mo ti wò ó."

"Wá wo abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì."

Ó wò ó, ó sì fa ṣọ́bìrì rẹ̀ yọ. Kùrukùru ló ṣì í lọ́nà, ẹ̀gbẹ́ mìíràn lára òkè náà ló sì ti gbẹ́ kòtò àárọ̀. Ó gbẹ́ òmíràn létí ibẹ̀, níbi tí kò dá gẹ̀rẹ́ púpọ̀. Nígbà tó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta, òpó yìnyín já, orí rẹ̀ yọ̀ bọ́ sórí ẹsẹ̀ ọmọ mi. Mo bu èyí tó wà lábẹ́. Ó rí kóró-kóró, kò dì mọ́ra rárá.

"Gààrí," ni mo wí.

"Gààrí," ni òun náà wí.

Ọ̀nà tí a gbà wá la gbà padà. Ẹ̀gbẹ́ yẹn kò gùn, kò sì lẹ́wà tó ti inú fọ́tò, síbẹ̀ mo fò lórí rẹ̀ bí ẹyẹ, mo ń ké Allahu Akbar ní gbogbo kọ́nà. Nísàlẹ̀, mo forí kanlẹ̀ láti dúpẹ́. Yìnyín wọ imú mi.

Ọmọ mi dúró tì mí. "Dádì, ṣé inú ìrun lẹ ti ń ro ọ̀rọ̀ síkì?"

Mo yíjú, mo ń nu yìnyín kúrò nímú.

"Ó yẹ kẹ́ ẹ tún un kí."

Mo tún un kí.