Láàárín Igba àti Ọ̀kànlénígba

Mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí ilé-ìwé tó fi mí sílẹ̀. Síbẹ̀, Màmá tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní àdúgbò Koumassi Remblais, ìyàwó àbúrò bàbá mi, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Mo ti dáyé kí wọ́n tó wọlé ọkọ, wọn ò lè pe orúkọ mi. Nínú gbogbo orúkọ tó wà láyé, èyí tó máa bú mi ni wọ́n rí mú.

Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni ọkọ wọn, tí mò ń pè ní Bàbá. Nígbà tí Bàbá kú, mo ní màá ṣe ẹ̀rọ tó máa ń fi iná mànàmáná yọ́ fàdákà, kí Màmá lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Puce kékeré kan, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ló ń tan iná náà tó tún ń pa á, àìmọye ìgbà kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Tó bá ka igba kó tó tún un tàn, iná ń sáré jù. Tó bá ka ọ̀kànlénígba, ó ń falẹ̀ jù. Àárín méjèèjì ni fàdákà ti ń yọ́, puce ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìdajì. Mo ní kó máa ka igba fúngbà díẹ̀, kó ka ọ̀kànlénígba fúngbà díẹ̀, kó tún padà. Akọ̀wé gidi ì bá pò wọ́n mọ́ra. Èmi tò wọ́n sórí ìlà bí ọmọ ilé-ìwé.

Fàdákà yọ́. Mo jó ijó ayọ̀. Ìgbà yẹn ni wáyà bàbà tó yí ìkòkò fàdákà ká bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ọ̀sán gangan ni. Kíkùn náà rinlẹ̀, bí ọkùnrin tó pa ẹnu dé tó ń kọrin. Bí Bàbá ṣe máa ń kùn nídìí iṣẹ́ nìyẹn.

Màmá dáhùn láti ilé ìdáná: «Sà! Mo ń bọ̀ o!»

Ara mi bù máṣọ. A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè òkú, òkú á wá mú un lọ.

Màmá jókòó ti ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí mo bù fún wọn, gbẹ lórí àwo.

«Màmá, ẹ̀rọ ni. Èmi ni mo ṣe é.»

«Akọ̀wé, ìwọ tí o ò rí ìwé-ẹ̀rí BEPC mú? Ìwọ lo fẹ́ ṣe ohùn ọkọ mi?»

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó. «Bàbá ní kí n má pẹ́.»

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Pípààrọ̀ létòlétò yẹn ló ń mú wáyà kùn. Mo da ìlà náà rú: igba kan níbí, ọ̀kànlénígba kan lọ́hùn-ún, kò létò, bíi ayé tèmi. Fàdákà ṣì ń yọ́, ṣùgbọ́n kíkùn náà fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí iyanrìn, ó tán.

Màmá wò mí. «O ti lé wọn lọ.» Wọ́n lọ bọ́ aṣọ, wọ́n jẹun.

Mo fa wáyà ẹ̀rọ yọ, mo ń gbálẹ̀, inú mi ń dùn pé mo yege nínú ìdánwò kan láyé mi. Kíkùn náà tún bẹ̀rẹ̀. Mo wo wáyà: ilẹ̀ ló wà. Mo fọwọ́ kan ọ̀fun mi. Ó ń gbọ̀n. Èmi ni mò ń kùn.

Kí n tó lè dákẹ́, Màmá ti dáhùn láti ilé ìdáná:

«Sà! Mo ń bọ̀ o!»