Ẹran Àjẹṣẹ́kù nínú Fìrísà Asẹ́

Kí ni ká pe ẹni tó kó òkun síta nítorí ẹran àjẹṣẹ́kù? Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun ni.

Ọmọ Èkìtì ni Ọmọ́wùnmí Akínlẹ́yẹ, ó háyà yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣèwádìí òkun. Lọ́dún 1991, ó bá ọkọ̀ ojú omi wọ agbami. Bó ṣe ń bì ló ń ṣiṣẹ́. Ó ń da omi òkun sórí asẹ́ funfun pẹlẹbẹ, kí àwọn nǹkan wínníwínní tí kò léfòó, tí kò sì rì, lè kù sórí rẹ̀.

Náítírójìn wà nínú wọn. Òun ni oúnjẹ ewéko òkun tí ẹja ń jẹ. Oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan fúyẹ́, èkejì fi díẹ̀ wúwo. Bí èyí tó fúyẹ́ bá pọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú afẹ́fẹ́ ni òkun ti ń rí oúnjẹ. Bí èyí tó wúwo bá pọ̀, láti ìsàlẹ̀ ibú ló ti ń gòkè wá. Ohun tí Ọmọ́wùnmí fẹ́ mọ̀ ò ju ibi tí oúnjẹ àwọn ẹja wa ti ń wá lọ. Òkè òkun ni ẹ̀rọ tó lè wọ̀n ọ́n wà, yunifásítì ibẹ̀ sì ti ní àwọn máa gba Ọmọ́wùnmí wọlé láti wá kàwé sí i bí asẹ́ náà bá dé ní pípé. Ó fi fóìlì wé wọn, ó kó wọn sí fìrísà ọ́fíìsì, kò jẹ́ kí ọwọ́ lásán kàn wọ́n, nítorí òógùn ọwọ́ náà ní náítírójìn tirẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, mọ gbogbo èyí. Òun ló kọ́ ọ! Àmọ́ ó ṣí ilé tuntun tó kọ́ ní Baruwa ní Sátidé, ẹran ṣẹ́kù, NEPA mú iná lọ, ọ́fíìsì sì ní jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí Ọmọ́wùnmí dé ní Mọ́ńdè, ẹran kún fìrísà dẹ́nu. Àwọn asẹ́ wà lójú fèrèsé, wọ́n ti yọ́, ẹ̀jẹ̀ màlúù sì ti rin fóìlì gbingbin.

"Sà, ta ló kó asẹ́ mi síta?"

"Ẹran ò ráàyè ni jàre. Tún wọn dì, kó o fi ránṣẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

"Màlúù yín ni wọ́n máa wọ̀n níbẹ̀, sà, kì í ṣe òkun."

"Àbí o ò fẹ́ lọ mọ́?"

Ó fẹ́ lọ. Àtìgbà tó ti wà níléèwé ní Adó ló ti ń fẹ́ lọ, ọkọ̀ náà ò sì ní jáde mọ́ lọ́dún yẹn. Síbẹ̀, inú bí i. Ó kó àwọn asẹ́ náà, ó dà wọ́n sí garawa ìdọ̀tí níṣojú ọ̀gá.

Nírọ̀lẹ́, Festus, dírẹ́bà ọ̀gá, gbé ike ẹran kan wá sí Ẹ̀gbẹ́dá. "Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ fi sebẹ̀."

Sìkírátù tí wọ́n jọ ń gbélé rọ̀ ọ́ pé kó gbà á, pé ọ̀tá ni dídá ẹran padà máa ń sọni dà. Ṣùgbọ́n Ọmọ́wùnmí ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde. Ó gbé ike náà padà lé Festus lọ́wọ́.

"Bọ̀dá Festus, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé mo ti sanwó ẹran yìí. Mi ò kàn lè jẹ ẹ́ ni."