Ohun Tí Mo Kà Lára Ìgò

Mo rántí òórùn kànáfùrù ju bí mo ṣe rántí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ìkòkò agbo kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi ní agboolé wa nílùú Ẹdẹ. Èèpo orín ata, kànáfùrù àti iyọ̀ díẹ̀ ló wà nínú agbo náà, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló sì máa ń sè é wá láti Sẹkọnà. Ládàánì ni bàbá mi, àwọn ló ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa. Kí wọ́n tó lọ pe ti àsùbáà, wọ́n á bu agbo náà sẹ́nu, wọ́n á fi ṣan ẹnu títí, wọ́n á tu ú dà. Wọ́n ní ẹnu tí yóò pe orúkọ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ rùn.

Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní erìgì wọn. Bí wọ́n bá run orín, orín á pọ́n. Ẹ̀gbọ́n wọn ní kí wọ́n ṣe sùúrù, agbo kì í kánjú. Èmi ní tèmi ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan nígbà náà, kò tíì pé ọdún kan tí mo débẹ̀, mo sì ti sọ ara mi di dókítà. Mo ní ayé ti kọjá èèpo igi. Mo ra omi ìfọnu inú ìgò kan, aláwọ̀ ewé, tó ń ta lẹ́nu yẹ́ríyẹ́rí, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Kéú nìkan ni bàbá mi kà, wọn ò ka ìwé òyìnbó. Wọ́n yí ìgò náà síwá sẹ́yìn.

"Ṣé kò sí ọtí nínú ẹ̀?"

Mo wo ara ìgò. Ọtí wà níbẹ̀, mo kà á kedere.

"Kò sí, Bàbá."

Hẹ̀ẹ̀, ìgbà èwe! Mo rò pé ìfẹ́ ló ń bẹ nídìí ẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ohun tí ènìyàn tu dà, kí ló kàn án.

Ó tó oṣù méjì tí wọ́n ń fi ṣan ẹnu kí wọ́n tó lọ pe ìrun. Ẹ̀jẹ̀ dín kù, ẹnu wọn ń ta sánsán. Wọ́n ń fi mí yangàn níwájú ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ní ọmọ àwọn ti mọ oògùn ju àgbà lọ. Ìyá náà kàn wò mí, wọ́n ní, "Bọ́mọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà o." Mo rẹ́rìn-ín.

Tíṣà kan tó jẹ́ ará ilé kejì ló wá kí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé ìgò náà, ó kà á, ó ní, "Bàbá, ọtí wà nínú èyí o." Bàbá mi ò pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n lọ bá lémọ́ọ̀mù, wọ́n ní àwọn ò ní pe ìrun fún ogójì ọjọ́, bíi ti ẹni tó mutí, tí ìrun rẹ̀ kì í gbà títí ọjọ́ náà fi pé. Lémọ́ọ̀mù tẹ̀ lé wọn wálé, ó ń bẹ̀ wọ́n pé ẹni tó tu nǹkan dà kò mu ún, àti pé wọn ò kúkú mọ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí bàbá mi dáhùn.

"Ọtí kọ́ ló ń dùn mí, Lémọ́ọ̀mù. Ọmọ mi ló purọ́ fún mi, mo sì gbé irọ́ náà sẹ́nu lọ pe ìrun."

Láàárín ogójì ọjọ́ náà ni eyín iwájú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní Òṣogbo. Dókítà ní ìdọ̀tí ti dì bí òkúta sábẹ́ erìgì, pé agbo ò lè hú u, omi inú ìgò náà ò lè hú u, irin ni à bá ti fi họ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dín kù ló tàn wá jẹ. Eyín mẹ́rin ni wọ́n yọ. Gbogbo ìgbà tí èmi àti ìyá Sẹkọnà ń bá ara wa du ẹnu ẹni ẹlẹ́ni, nǹkan náà ń dì lábẹ́.

Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, bàbá mi padà sí mọ́sálásí. Ohùn wọn ṣì dùn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo eyín jáde, ọ̀rọ̀ ò já geere mọ́. Mo gbọ́ ọ láti inú ilé. Àwọn ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín. Bàbá mi pè é parí, wọ́n fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọn ò sì pè é mọ́ títí wọ́n fi kú.

Wọn ò bá mi wí lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, oògùn yòówù tí mo bá fún wọn, ìbáà ṣe ti ẹ̀fọ́rí, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì mú un lọ sílé kejì kí tíṣà bá wọn kà á.

Erìgì tèmi náà ti ń ṣẹ̀jẹ̀ báyìí. Mo ń lọ họ eyín, mo sì ń fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu. Bí dókítà bá fún mi ní oògùn, màá jókòó tì í nínú ilé, èmi nìkan, màá ka ohun tó wà lára ìgò náà sókè, látòkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi mí.