Lẹ́tà Kan fún Máàkì Méjì

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpájà nígbà tí mo lọ ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀gbẹ́dá, láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, a ń gbà á lò lọ́wọ́ ara wa ni. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló máa ń lò ó ṣáájú mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní kíláàsì mi.

Olùkọ́ wa ṣàlàyé pé a lè fi lẹ́tà sọ nọ́ńbà lórúkọ. Bí nọ́ńbà náà bá ń yí padà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, fáríábù ni. Bí kò bá gbọdọ̀ yí padà, kọ́ńsítáǹtì ni. Mo wá kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò gba máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí yóò sọ ẹni tó yege. Ó kéré tán, ogójì lọmọ gbọdọ̀ gbà kó tó yege.

Nígbà tí mo dán an wò, gbogbo ọmọ ló yege, títí kan ọmọ bàbá yẹn tó gba mẹ́tàlélógún.

Ara fu mí. Ta ló jókòó sídìí ẹ̀rọ kí n tó dé? Ta ló ń bi mí ṣáá pé báwo lọmọ òun ṣe ń ṣe sí? Mo tún ètò náà tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń gbé díísìkì tí mo tọ́jú rẹ̀ sí lọ sílé. Bí bàbá bá dúró lẹ́yìn mi, màá fi ọwọ́ bo ìwé mi. Síbẹ̀, ọmọ rẹ̀ tún yege. Mo lọ fẹjọ́ bàbá sun olùkọ́.

Olùkọ́ ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ní kí n gbé ètò náà sójú ẹ̀rọ, ó sì pe bàbá pé kó wá bá wa kà á. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Tíṣà, M lẹ pe ogójì níbí," ó ní. "Ẹ tún wá pe máàkì ọmọ ní M nísàlẹ̀. Ogójì ti lọ nìyẹn. Máàkì ọmọ lẹ̀rọ ń fi wé ara rẹ̀, kò sì lè kéré sí ara rẹ̀ láé."

Mo bi olùkọ́ pé kí ló dé tí ẹ̀rọ ò kìlọ̀ fún mi. Ó ní ẹ̀rọ yìí ò mọ èyí tá a fẹ́ kó dúró, àwa fúnra wa la máa ṣọ́ ọ.

Mo fún ogójì ní lẹ́tà tirẹ̀. Ọmọ náà fìdí rẹmi lójú bàbá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá, mo ní kó má bínú, mo ti ń fura sí i láti ọ̀sẹ̀ méjì.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo kàn ń wá bí mo ṣe máa bẹ̀ yín kẹ́ ẹ kọ́ ọmọ mi lẹ́yìn iléèwé ni."

Mo gbà. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà gba mọ́kànléláàádọ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máàkì ìwé rẹ̀ kí n tó gbà bẹ́ẹ̀.