Ọjọ́ Tí Wọ́n Dán Ohùn Wa Wò Ní Gbọ̀ngàn Ìlú

Láàárọ̀ ìjẹta, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni mo gbọ́ tí ọmọ ọmọ mi ń tún ohùn rẹ̀ ṣe nínú balùwẹ̀. Ó gbé orin sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó húkọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní àwọn kan fẹ́ ṣe eré olórin ní Ẹ̀jìgbò níbí, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ kópa fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Mo bi í pé ta ni yóò máa gbè é. Ó wò mí bí ẹni wo òpè.

"Màámà, èmi nìkan ni mo máa kọ ọ́ o."

Ó wọlé lọ. Ẹ̀wà tí mo dáwọ́ lé kò tán títí oòrùn fi ká mi mọ́ orí àpótí.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, láyé tiwa, ẹnìkan kì í dá nìkan dán ohùn rẹ̀ wò. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ìlú Ọ̀là ni àwọn òbí mi ti ń dáko, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, ni mò ń gbé ní Ẹ̀jìgbò nítorí ilé ìwé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti agboolé àwọn Sùwébátù. Àbíjàn ni wọ́n bí ọmọbìnrin yìí, tí a ń pè ní Sùwé, sí. Aṣọ ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà níbẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ kó lè wá gbọ́ Yorùbá, kó sì ké kéwú. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, Faransé ló kún ẹnu rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kí Àǹtí ní "bọ̀nsúà", ìyẹn ẹ kú ìrọ̀lẹ́ tiwọn, Àǹtí sì dá a lóhùn pé, "Kò sí nílé, ọmọ mi, ó tán lánàá." Àwọn ọmọ yòókù fi í rẹ́rìn-ín, èmi bá a rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Kí Yorùbá tó mọ́ ọn lẹ́nu ni orin ti mọ́ ọn lẹ́nu. Bí a bá ń lọ pọnmi, òun ni yóò dá orin, èmi á gbè é. Ìgbà mìíràn a máa ń dúró lójú ọ̀nà kí orin lè parí kí a tó délé, Àǹtí á sì ti máa wò wá lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ á wà ní ìbàdí.

Ọdún tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìlú tán, olùkọ́ wa kan tó ti gbé Àbíjàn rí ní òun yóò fi eré olórin ṣí i. Mùsíyọ̀ ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe ọ̀gá. Ọkùnrin tó máa ń wọ bàtà funfun nínú ẹrẹ̀ ni. Eré náà dá lórí ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ sọnù sínú ọjà, tó wá ń fi orin wá a kiri. Kò sí ọmọbìnrin kan ní ilé ìwé wa tí kò fẹ́ ṣe ọmọ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni èmi àti Sùwé fi kọ́ orin rẹ̀:

Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ bá mi wò ó,
Ìyá mi ró aṣọ aró.

Ègbè yóò sì dáhùn pé: A ò rí i, ọmọ, a ò rí i.

Lọ́jọ́ ìdánwò, gbọ̀ngàn náà ń rùn fún ọ̀dà tuntun. A tó ọgbọ̀n. Àwọn ọmọ kan fẹsẹ̀ rìn wá láti ìlú Ara àti Ìsúndúnrin, eruku dé orúnkún wọn. Mùsíyọ̀ jókòó sẹ́yìn tábìlì, pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti kọ tirẹ̀ tán yóò lọ dúró sẹ́yìn láti máa gbe ẹni tó kàn. Mo kọ tèmi. N kò ṣì í kọ, ṣùgbọ́n Mùsíyọ̀ kò gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Sùwé.

Bí ọmọ yẹn ṣe la ẹnu, pẹ́ńsù Mùsíyọ̀ dúró. Àwọn bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ lóde wá fi ara ti fèrèsé. Àwa tí à ń gbè é gan-an, à ń sọ pé "a ò rí i" bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ó kọ ẹsẹ kìíní tán. Ó dé ẹsẹ kejì, ó dákẹ́. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá bojú wẹ̀yìn, ó wò mí.

Mo mọ ìlà orin tó kàn. Ìyá mi wé gèlè pupa. Ó ti dé ètè mi. Kò sẹ́ni tó ní kí ègbè má ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ègbè wà fún náà nìyẹn. Mo bojú wolẹ̀, mò ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

"Ó tó. Lọ jókòó," ni Mùsíyọ̀ wí, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

Èmi ni wọ́n mú. Sùwé, tí wọ́n fi sáàárín ègbè, dì mọ́ mi, ó ń fò sókè nítorí tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo da oúnjẹ mi padà sínú ìkòkò.

Ọjọ́ eré pé, gbọ̀ngàn kún. Bàbá àti ìyá mi wá láti Ọ̀là, wọ́n jókòó síwájú. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti fi ń pariwo orin yẹn, ohùn mi ti há. Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo tún un là, kò sí nǹkan kan. Ìgbà náà ni orin náà dìde lẹ́yìn mi, láàárín àwọn ègbè. Sùwé ni. Kò jáde síwájú; ibi tó dúró sí náà ló ti kọ ọ́, ẹsẹ kìíní, ẹsẹ kejì, kò sì gbàgbé ohunkóhun. Èmi ń rìn kiri lórí pèpéle, mò ń nawọ́ sí àwọn èrò, omijé gidi ń dà lójú mi. Àwọn ènìyàn rò pé bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Mùsíyọ̀ sọ fún gbogbo ẹni tó bi í pé òun lòun ronú kàn án.

Kò tó oṣù kan tí bàbá Sùwé fi wá mú un padà. Mo sìn wọ́n dé gáréèjì tí ọkọ̀ Àbíjàn ti ń gbérò.

"Sùwé, lọ́jọ́ ìdánwò yẹn..."

"Mo mọ̀."

"Kí lo mọ̀?"

"Mo rí ẹnu rẹ. O fẹ́ sọ ọ́, o wá pa á dé." Ó ń so okùn àpò rẹ̀, kò wò mí. "Ohun tó wù ẹ́ ni. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀." Ó rò ó díẹ̀. "Bóyá."

Ọkọ̀ gbéra. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ, ìdajì rẹ̀ jẹ́ Faransé, Mùsíyọ̀ ló bá mi kà á. Mo fèsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kodifuá, orílẹ̀-èdè tí Àbíjàn wà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sá padà wálé, mo lọ sí agboolé wọn. Ìyá àgbà ti kú. Àwọn tó kù ní àwọn gbọ́ pé Sùwé lọ́kọ sí ìlú kan tó jìnnà sí Àbíjàn.

Ẹ̀jìgbò ti yàtọ̀. Ẹrẹ̀ òpópónà wa ti di títì ọ̀dà, àwọn tí mo mọ̀ ní gbogbo agboolé ti ń dín kù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Àbíjàn ṣì ń wá, ẹ ṣì lè gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tó ń ná aṣọ lọ́jà. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé tí àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, mo máa ń lọ sí gáréèjì, mo máa ń wo ojú àwọn obìnrin tó tó mi lọ́jọ́ orí. Lọ́dún tó kọjá, mo bi ọmọkùnrin kan tó ń já ẹrù bóyá ó mọ Sùwébátù.

"Sùwébátù pọ̀ níbẹ̀, Màámà. Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó ń kọrin."

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wọn ló ń kọrin, mà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì dúró díẹ̀ sí i, nítorí èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ kò tí ì sọ̀kalẹ̀ tán.